Ṣé ìjọba ló máa san owó ìtọ́jú ọmọ mi tí ọkàn rẹ̀ dàrú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 17 lóṣù tó kọjá. Láti bí oṣù méjì ni kò ti sùn dáadáa lóru. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó sì ní àwọn olùkọ́ òun ń gbọ́ ohun tí òun ń rò lọ́kàn. WAEC ti sún mọ́lé. Àbúrò ọkọ mi mú wa lọ sí ilé ìtọ́jú kan. Wọ́n ní ká san ₦400,000 fún oṣù mẹ́ta, ká fi ọmọ sílẹ̀, ká má sì wá wò ó títí oṣù kan á fi pé. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà, ọkọ mi sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹnì kan ní òfin tuntun ti sọ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ di ọ̀fẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Bí a bá sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ṣé ìyẹn ò ní ba orúkọ rẹ̀ jẹ́? — Ìyá kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì san ₦400,000 yẹn.

Òfin ìlera ọpọlọ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916, tí wọ́n tún kọ ní 1958. Bí wọ́n ṣe máa ti "wèrè" mọ́lé ló jẹ òfin àtijọ́ yẹn lógún ju bí ara rẹ̀ ṣe máa yá lọ. Ti tuntun yìí fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí àìsàn lé e níbi iṣẹ́. Ó tún ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ìdílé tí mo ti bá dúró níwájú fèrèsé ibi ìsanwó, mi ò tíì rí ọ̀kan tí àpò yẹn bá san owó oògùn.

Ibo wá ni owó ìjọba ń lọ? Ilé ìwòsàn ló ń lọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ètò ìlera ọpọlọ ilẹ̀ wa wò ní 2006, wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un tó ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńláńlá, irú bíi Yábàá tó ti wà láti 1907 àti Aro ní Abẹ́òkúta tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Owó oṣù dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ìjọba ń san, òun ló sì kọ́ ilé. Káàdì, oògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì wá di ti aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí àtirí dókítà ọpọlọ níbẹ̀ kì í fi í wọ́n tó ti aládàáni, tí oògùn sì máa ń gbọ́n àpò òbí gbẹ kí oṣù tó parí. Ìdí náà nìyẹn tí ará Ṣakí fi ní láti wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn kó tó rí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ní tiyín, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, kò jìnnà, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ibi tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà ò pọ̀.

Ó jọ pé ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ọkọ yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ètò adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní NHIS bó tilẹ̀ ti di NHIA láti 2022, bo òun, ẹ̀yin, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Dókítà ọpọlọ wà lára àwọn tí ètò náà gbà kí aláìsàn rí. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ibà àti ìbímọ nìkan ló wà fún.

Àmọ́ ẹ má sáré gba UCH lọ tààrà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sára káàdì ọkọ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ ṣe ṣàlàyé fún mi yìí, ẹ má sọ pé "kò kàn rí oorun sùn ni" nítorí ojútì. Wọ́n á kọ ìwé tí wọ́n fi ń darí aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn àgbà dókítà, wọ́n á gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá ètò adójútòfò san owó ìtọ́jú, ìwé àti kóòdù yẹn lẹ óò gbé dé UCH. Lórí oògùn, ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ máa san. Ẹ bi HMO ní iye ọjọ́ tí wọ́n máa san fún bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, torí ó níye lọ́dún. Bó bá ń mu igbó tàbí nǹkan mìíràn, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú bárakú oògùn olóró ni àwọn adójútòfò máa ń kọ̀ láti san. Oṣù mọ́kànlá ló sì kù kó pé 18. Ẹ má fi falẹ̀.

Bí ọkọ yín kò bá tíì fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ìwé ìbí rẹ̀ àti fọ́tò ni kó kó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.

Ní ti ilé ìtọ́jú yẹn, gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni "ká má sì wá wò ó". Ní 2019, ní Òjóò tí kò jìnnà sí yín, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n ní àtúnṣe ìwà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọdé sì wà láàárín wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ilé 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Wọ́n bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀, lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀ṣì àti oní-mọ́ṣáláṣí, títí dé ibi tó jẹ́ ti ìjọba pàápàá. Nítorí náà, orúkọ ara pátákó ò tó. Ẹ béèrè ìwé tí ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ fi forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ dókítà tó ń kọ oògùn, àti ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní àṣẹ iṣẹ́, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Bí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yìí, wọ́n ti dá yín lóhùn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì kà á léèwọ̀ láti fi ìyà tàbí àbùkù kan ọmọ tí kò tíì pé 18, ìbáà jẹ́ òbí ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ, kò sí dókítà tó máa bá yín jà sí i.

Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Fáìlì rẹ̀ kì í jáde lọ bá WAEC tàbí JAMB. Òfin ìlera ti 2014 ló de ilé ìwòsàn pé wọn ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí aláìsàn. Lójú tèmi, ẹnu àwọn ará àdúgbò ló ń ba orúkọ jẹ́, kì í ṣe fáìlì.

Bó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tí kò jẹun mọ́, tàbí tó fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, ẹ gbàgbé kóòdù. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru yẹn. Òfin 2014 yẹn kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí owó.

Ẹ mú gbogbo àgbo tó bá ti mu dání, tàbí kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí dókítà mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Ní ti WAEC, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún ilé ìwé rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá yá tó, ó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní GCE bí wọ́n bá tún ṣe é.