Ojú Fóònù Tí Kò Gbọ́ Ìka Mọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fóònù Android kan bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà mi láàárín èrò Ojúde Ọba, ojú rẹ̀ sì fọ́ lápá òkè. Mo ra skríìnì mìíràn, mo pààrọ̀ rẹ̀. Àwòrán hàn, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìka rárá. Mo dá a padà, wọ́n fún mi ní òmíràn, bákan náà ló tún rí. Nígbà tí mo wá dá èyí tó fọ́ padà sára rẹ̀, ó ń gbọ́ ìka níbi tí kò fọ́. Aládùúgbò mi kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n fláàṣì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí n tún ètò inú rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
— Atúnfóònùṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fláàṣì rẹ̀, ọ̀gá. Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ẹ ti ṣe yẹn. Bí ojú àtijọ́ bá ṣì ń gbọ́ ìka, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù kò ní àrùn, ibi tí okùn skríìnì ti ń wọlé sára bọ́ọ̀dù kò ní àrùn, ètò inú fóònù náà kò sì bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, fífláàṣì yóò kàn nu àwòrán àti ọ̀rọ̀ oníbàárà yín dànù ni, ojú tuntun náà yóò sì dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Áísì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìka lára skríìnì tí ẹ rà, ni mo fura sí.

Orí kẹ́nẹ́ẹ̀lì Linux (ọkàn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ inú fóònù), tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni Android dúró lé. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì kì í bá kámẹ́rà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí ojú fóònù sọ̀rọ̀ ní tààrà. Dráífà ni ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn, ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tó gbọ́. Onírúurú ilé iṣẹ́ ló ń ṣe áísì tó ń gba ìka: Goodix wà, FocalTech wà, Novatek, Himax àti Synaptics náà wà níbẹ̀. Fóònù kan náà, tí orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kò yàtọ̀, lè jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú skríìnì oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá rí ọjà ni olùṣe fóònù ti ń rà. Dráífà àwọn tó rà nìkan ni yóò fi sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Bí skríìnì ọjà bá wá gbé áísì tí kò sí nínú wọn, àwòrán yóò hàn, nítorí pé ọ̀nà tí àwòrán ń gbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìka ń gbà, ṣùgbọ́n ìka kò ní rí ẹni gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí skríìnì méjì láti ọwọ́ ẹnìkan náà fi lè ṣe bákan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá.

Kí ẹ tó bá ẹni tó ta ọjà jà, ẹ jẹ́ kí fóònù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ dá ojú tó fọ́ padà sára rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa fóònù sí nínú Settings, kí ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje, kí ẹ sì tan USB debugging nínú Developer options. Ẹ fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí adb (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún fóònù) wà lórí rẹ̀. Fóònù yóò béèrè bóyá kí òun gba kọ̀ǹpútà yìí láyè, kí ẹ sì fàmì sí i pé kó máa gbà á nígbà gbogbo. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi eku kọ̀ǹpútà ṣe èyí lórí ojú tuntun tí kò gbọ́ ìka. Eku náà yóò ṣiṣẹ́ títí dé ibi tí ẹ ti fẹ́ so okùn kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ihò USB kan ṣoṣo ni fóònù ní, eku sì ti jókòó sínú rẹ̀. Nítorí náà, ojú tó fọ́ yẹn ṣì wúlò fún yín, ẹ má jù ú nù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa fóònù, ẹ gbé ojú tuntun wọ̀ ọ́, kí ẹ tan án, kí ẹ sì kọ `adb shell getevent -lp` sórí kọ̀ǹpútà. Yóò ka gbogbo ohun tí fóònù fi ń gba àṣẹ, títí kan bọ́tìnì ìtanná àti ti ohùn. Ẹ wá èyí tó ní ABS_MT_POSITION_X, àmì ibi tí ìka tẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, dráífà kò rí áísì rẹ̀ rárá. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ `adb shell getevent -lt`, kí ẹ máa fi ìka fa ojú fóònù. Bí ìlà kankan kò bá jáde, dráífà dìde ṣùgbọ́n áísì kò rán ohunkóhun sí i. Bí ìlà bá ń tú jáde wìtìwìtì tí ojú kò sì dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì, inú Android tó wà lókè kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ti máa wá a.

Ohun tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ sọ ló kù. `dmesg` la fi ń kà á, ṣùgbọ́n fóònù tí wọn kò tíì gba àṣẹ root (àṣẹ tó ga jù lọ) lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn lò ó. Ẹ lo `adb bugreport` dípò rẹ̀. Yóò kó fáìlì zip kan fún yín, nínú ìwé gígùn tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí wọ́n kọ KERNEL LOG sí. Ẹ ṣe é kété tí fóònù bá tan, nítorí ìwọ̀nba ni àyè tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun sì máa ń lé ti àtijọ́ dànù. Ẹ wá orúkọ áísì, tàbí i2c (ọ̀nà tí dráífà ń gbà bá áísì sọ̀rọ̀), kí ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá rí -6 tàbí -121, dráífà pè, kò sẹ́ni tó dáhùn ní àdírẹ́sì yẹn: yálà áísì yàtọ̀ tàbí okùn kò wọlé dáadáa. -110 ni pé ó dúró títí àkókò fi kọjá. -2 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Direct firmware load ni pé dráífà wà, ṣùgbọ́n fáìlì tí ó yẹ kó kà sínú áísì kò sí nínú fóònù. Ti -517 ni ó máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn lásán. Dráífà kàn ń sọ pé òun ń dúró de ẹlòmíràn ni, yóò sì tún gbìyànjú.

Bó bá jẹ́ -6 tàbí -121 ni ẹ rí, tí ẹ sì ti yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà tí ẹ tún un tẹ̀ wọlé, ẹ dá skríìnì padà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ wé ti tuntun kí ẹ tó sanwó. Bí olùṣe fóònù bá ti gbé àtúnṣe tuntun jáde, ẹ lè gbà á láti inú Settings, torí pé nígbà mìíràn dráífà skríìnì mìíràn máa ń bá a wá, kì í sì í nu nǹkan. Ẹ má gbìyànjú láti kó dráífà láti inú fóònù mìíràn wá. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún, bí kò bá bá a mu, kò ní gbà á wọlé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kẹ́nẹ́ẹ̀lì jọ fún fóònù àtijọ́ mi tí mo ti ṣí bootloader rẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ gbé fóònù dìde). Gbogbo ìgbà tí mo bá tan Wi-Fi ni fóònù ń kú tó sì ń tan padà. Mo fi logcat (ibi tí Android ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí) ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń gé kí n tó rí ohunkóhun.
— Ọmọ yín, akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ìdáhùn: Ọmọ mi, logcat kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, torí pé bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bá ṣubú, òun náà bá a ṣubú. Rí i pé CONFIG_PSTORE_RAM àti CONFIG_PSTORE_CONSOLE, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì sínú RAM, wà nínú ohun tí o kọ jọ, àti pé wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ fún ramoops, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò wà nínú RAM, nínú device tree (ìwé tó ń sọ ẹ̀rọ inú fóònù fún kẹ́nẹ́ẹ̀lì). Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kẹ́nẹ́ẹ̀lì yóò wà nínú `/sys/fs/pstore/console-ramoops` nígbà tí fóònù bá tan padà. Jẹ́ kó tan padà fúnra rẹ̀ o. Bí o bá yọ bátìrì tàbí tí o pa á pátápátá, ohun tó wà nínú àyè yẹn lè parẹ́.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé náà. Wá ibi àkọ́kọ́ tí ó ti sọ Unable to handle kernel NULL pointer dereference tàbí BUG, kí o sì wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pc, àmì ibi tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì dé. Yóò dárúkọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú, àti bó ṣe jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó. Fi `addr2line` àti vmlinux (fáìlì kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó jáde nígbà tí o kọ ọ́ jọ) wá ìlà kóòdù náà. Bí o bá ti tún kẹ́nẹ́ẹ̀lì kọ jọ lẹ́yìn ìgbà náà, vmlinux tuntun yóò tọ́ka sí ibòmíràn, ìwọ yóò sì lo gbogbo ọjọ́ níbi tí kò sí àṣìṣe kankan. Tọ́jú èyí tó bá image (fáìlì tí fóònù fi ń gbé kẹ́nẹ́ẹ̀lì dìde) tí o fi dán an wò jáde. Bí fóònù rẹ bá gbà á, fi `fastboot boot` gbé image náà sókè láìkọ ọ́ sínú rẹ̀, kí o lè padà sí ti àtijọ́ nígbàkígbà.

Ìbéèrè: Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, `adb devices` sì ń kọ unauthorized. Kí ló fà á?
— Oníbàárà ìwé yín, Ṣágámù

Ìdáhùn: Ẹ tan iná ojú fóònù, kí ẹ ṣí ibi tí ẹ tì í, ìbéèrè ìyọ̀ǹda wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Bí kò bá sí, ẹ yan Revoke USB debugging authorisations nínú Developer options, kí ẹ yọ okùn, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tilẹ̀ rí fóònù rárá, ẹ pààrọ̀ okùn náà: púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lójú títì, iná nìkan ni wọ́n ń gbé.