Èsì: Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wo ló yẹ ọkọ̀ iṣu?

Ẹ̀gbọ́n, nínú ẹ́ńjìnnì 3L ti Toyota àti kọ́mọ̀n-réèlì tuntun (ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí ẹ fẹ́ fi kó iṣu láti Ìsánlú wá sí Kàbà, 3L ni kí ẹ mú. Lítà 2.8 ni, pọ́ǹpù rẹ̀ kò nílò kọ̀ǹpútà. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ kó sí páìpù, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù, ẹ máa tẹ pọ́ǹpù kékeré orí fítà títí ìfóòfó yóò fi tán. Sípánà ti tó. Ti kọ́mọ̀n-réèlì kò rí bẹ́ẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì inú jálá ẹ̀bá ọ̀nà, tó lómi tó nídọ̀tí, tètè ń ba nọ́sù rẹ̀ tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ́líìtì táímì 3L, èyí tó ń mú kí písítìnì àti fáàfù máa ṣiṣẹ́ lásìkò kan náà, ṣeré o. Tókúńbọ̀ ni, ẹ má gba mítà rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì náà ni kí ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí. Bó bá já, písítìnì á lu fáàfù. Ẹ ṣọ́ omi rẹdíétọ̀ náà. (Orí ẹ́ńjìnnì tèmi là nítorí họ́ọ̀sì omi kan tí mo ṣahun láti pààrọ̀.)

Bí ẹrù yín bá máa ń ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ẹ wá ọkọ̀ akẹ́rù Canter ti Mitsubishi tó ní ẹ́ńjìnnì 4D33: lítà 4.2 ni, gíà ló sì ń yí táímì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì.