Èsì: Ata tó yọ àmì dúdú lójú ewé tí kò sì kú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ béèrè ìdí tí ata yín ní Kábà fi yọ àmì dúdú, tí ewé já bọ́, síbẹ̀ tí igi rẹ̀ kò kú. Bí kì í bá ṣe bakitéríà (òun náà máa ń já ewé ata), ó lè jẹ́ pé ata yẹn ń gbèjà ara rẹ̀ ni.

Àwọn ata kan ní jíìnì (àbùdá àjogúnbá) tí wọ́n ń pè ní L. Purotéènì tí fáírọ́ọ̀sì ìdílé tobamo fi bo ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bó bá ti dá a mọ̀, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á pa ara rẹ̀ (òun ni àmì dúdú yẹn) kí fáírọ́ọ̀sì má baà kọjá, bí a ṣe ń jó koríko etí oko kí iná igbó má baà wọlé. Oríṣi jíìnì L tó wà ni L1 dé L4. L4 ló ń dá fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ jù mọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ooru: òmíràn nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá kọjá 30°C, ẹ sì mọ bí oṣù kẹta ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n L kò lè dá PVMV dúró, fáírọ́ọ̀sì ata mìíràn tí kòkòrò tó ń fa omi ewé mu ń gbé kiri. Fáírọ́ọ̀sì yẹn nílò purotéènì ìdílé eIF4E ti ata fúnra rẹ̀ kó tó lè pọ̀ sí i. Ata tó bá jogún pvr2 àti pvr6 pọ̀ (oríṣi jíìnì purotéènì yẹn tó ti yí padà), méjèèjì lọ́dọ̀ bàbá, méjèèjì lọ́dọ̀ ìyá, kò ní èyí tí fáírọ́ọ̀sì náà lè lò. Ẹ bi ẹni tó ń ta irúgbìn fún yín bóyá ó ní irú ata bẹ́ẹ̀.