Kí ẹ tó ra ọ̀dà fún bàálù yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún omi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tẹ́ ẹ béèrè nípa L-29 Delfin, bàálù jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ ológun, tó wà lórí òpó nínú ọgbà ilé-ìwé yín n'Íbàdàn níbí, ẹ kú akitiyan. Ẹ ní owó ti ń wọlé, ẹ sì fẹ́ mọ irú ọ̀dà tó máa pẹ́ lára rẹ̀, torí èyí tí wọ́n kùn gbẹ̀yìn kò tó ọdún méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe ọ̀dà ló ń dà yín láàmú. Inú ni bàálù yẹn ti ń jẹrà, ọ̀dà kàn ń ròyìn rẹ̀ síta ni.

Ẹ wo bó ṣe dúró. Wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè, ìrù rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ gbéra. Àwọn tó ṣe é ní Czechoslovakia dá ihò kéékèèké sí abẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa jáde, ṣùgbọ́n bàálù tó dúró lórí táyà lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ìdúró bá ti yí padà, ibi tó rẹlẹ̀ jù náà ti yí padà nìyẹn. Gbogbo omi tó bá gba ìdí gíláàsì orí awakọ̀ wọlé, ìrù ló ń ṣàn lọ, ibẹ̀ ló sì ń dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí. Òjò Ìbàdàn lé ní 1,200 mìlímítà lọ́dún. Ẹ wá da eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé jíjẹrà pọ̀ mọ́ ọn: ohun tó ń jẹ alumíníọ̀mù yín nìyẹn.

Ẹ gbé àkàbà sí ìdí ìrù, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun yí orí rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tí wọ́n fi kan ara bàálù pọ̀) ká, ìpẹtà alumíníọ̀mù ni. Bí ara rẹ̀ bá wú láàárín rífẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì bíi tìmùtìmù, ìpẹtà inú ló ń tì í síta, èyí sì burú ju ti òkè lọ. Ibi tó bá ń ṣí léwéléwé bí ojú ìwé, pírámà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, kò lè gbà á là mọ́. Àfi kí wọ́n gé e, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ibi ìjókòó awakọ̀, ẹ dúró ná. Àga méjèèjì tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀tù tó ń ta awakọ̀ síta nígbà ewu. Pé bàálù ti pẹ́ lórí òpó kò fi hàn pé wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ kọ̀wé sí Iléeṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfurufú, kí wọ́n rán àwọn tó mọṣẹ́ ohun ìjà wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé fún yín. Títí ìwé yẹn yóò fi dé, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan jókòó síbẹ̀ ya fọ́tò. Bákan náà ni àwọn aago tí awakọ̀ ń wò níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago bàálù ìgbà yẹn ni wọ́n fi radium, èròjà tó ń tan ìtànṣán olóró, kùn kí nọ́ńbà wọn lè tàn lóru. Títàn yẹn lè ti kú, ṣùgbọ́n ó tó 1,600 ọdún kí ìdajì radium tó pòórá. Ẹ má ṣí gíláàsì wọn, ẹ má sì ha ojú wọn. Ti ẹsẹ̀ bàálù tó di táyà mú náà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ lè ṣì lágbára, kì í ṣe iṣẹ́ fọ́káníṣà.

Bó bá jẹ́ pé orí òpó ló máa wà, ẹ kọ́kọ́ ṣí àwọn ihò àtijọ́. Amọ̀ agbọ́n ló sábà máa ń dí wọn. Ẹyọ ọwọ̀ kan ni kẹ́ ẹ fi gún un, ẹ má lo wáyà kọ́pà, torí ẹ̀rún kọ́pà tó bá kù síbẹ̀ á tún jẹ alumíníọ̀mù ju irin lásán lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò mìlímítà 8 sí ibi tó rẹlẹ̀ jù ní yàrá kọ̀ọ̀kan níbi ìrù, kó jìnnà sí ìlà rífẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi pírámà kun etí ihò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ rọra da omi lítà 10 sínú rẹ̀ látòkè, ẹ gbé garawa sábẹ́. Bí èyí tó jáde láàárín ìdajì wákàtí kò bá tó lítà 9, ó ń há síbì kan. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ní ìdí apá méjèèjì àti ẹnu ihò èéfín lẹ́yìn, nẹ́ẹ̀tì onírin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Bí ẹ bá fi pákó dí i pa, ooru inú rẹ̀ á di omi lóru.

Ẹ yẹ ibi tí irin òpó ti kan ara bàálù wò pẹ̀lú. Irin àti alumíníọ̀mù tó fara kanra, tí omi wá wà láàárín wọn, bátìrì ni wọ́n dà, alumíníọ̀mù ló sì ń san owó rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà líle sáàárín wọn, kẹ́ ẹ fi wáṣà náílọ́ọ̀nù sí ìdí bóòtù. Sìmẹ́ńtì tútù kò gbọdọ̀ kan án rárá.

Ní ti fífọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó: kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àti nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, díẹ̀ nínú garawa omi, pẹ̀lú aṣọ òwú. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ká lo ọṣẹ dúdú. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì le jù fún alumíníọ̀mù tí kò ní ọ̀dà lára. Ẹ̀rọ tó ń fi ipá tu omi kò dáa, ó ń ti omi wọ ojú ìránpọ̀. Gíláàsì orí awakọ̀ kì í ṣe gíláàsì gidi, ike ni. Bẹntiróòlù tàbí tínà á là á yánnayànna.

Ọ̀dà wá kàn. Ọdún 1967, lásìkò ogun abẹ́lé, ni Delfin kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ fi jẹ́ ìtàn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo àmì àti nọ́ńbà, kẹ́ ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ da gbogbo rẹ̀ kọ. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí nìkan ni kẹ́ ẹ ha. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà kọ́, ẹ̀rún irin rẹ̀ á wọ ara rẹ̀ lọ, á sì dípẹtà níbẹ̀. Kànrìnkàn náílọ́ọ̀nù ni. Inú omi ni kẹ́ ẹ ti ha á, kẹ́ ẹ sì bo imú, torí májèlé wà nínú pírámà àtijọ́ aláwọ̀ ewé yẹn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ha á náà ni kẹ́ ẹ kun epoxy tó jẹ́ pírámà, lẹ́yìn náà polyurethane, ọ̀dà òkè alápòpọ̀ méjì. Ọ̀dà ògiri á di ẹfun nínú oòrùn. Òkè àti abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ mítà 40 níbùú-lóòró, lítà kan sì ń kun nǹkan bíi mítà 8 lẹ́ẹ̀kan. Oṣù kọkànlá ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, òjò ti lọ, eruku ọyẹ́ kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n bí owó yín kò bá tó ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́ òrùlé. Ẹnìkan nínú yín sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó tiwọn síta. Òótọ́ ni, ní Tucson, Arizona, nínú aṣálẹ̀ tó gbẹ táútáú. Ìbàdàn kì í ṣe Arizona. B-52, bàálù ajubọ́ǹbù ńlá ti Amẹ́ríkà tó wà ní ilé àkójọ ohun ìtàn ní Duxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìta ni òjò ti ń pa á kí wọ́n tó ṣí ilé tí wọ́n kọ́ fún un ní 1997. Ẹ sọ tiyín kalẹ̀. Kò ju tónù méjì àti díẹ̀ lọ, kírénì kékeré lè gbé e, bẹ́líìtì gbígbòòrò ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ṣéènì. Ẹ tò ó sórí àtẹ́lẹ̀ irin kí táyà má bàa ru ẹrù rẹ̀, kó dúró ní títẹ́jú, àwọn ihò àtijọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10.81, apá sí apá 10.29, gíga díẹ̀ lé ní 3. Òrùlé páànù mítà 14 sí 14, tó ga ní mítà 5, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, á gbà á. Kí ẹ gbẹ́ gọ́tà yí i ká, kí omi òrùlé má bàa ta sí abẹ́ bàálù.