Ìwé ẹ̀rí oníwákàtí 8 kò tó fún iṣẹ́ kíkó òjé kúrò nínú ilé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì oníwákàtí 8 ti EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, onílé kan ní Brooklyn sì fẹ́ kí ẹ bá òun ha gbogbo ọ̀dà tó ní òjé kúrò, torí wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ayálégbé rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìwé yẹn tó. Kò tó.

Ẹni tó ń tún ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 ṣe, tí ọ̀dà àtijọ́ kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n ṣe ìwé yín fún. Bó bá jẹ́ torí òjé gan-an ni wọ́n ṣe pè yín, abatement nìyẹn, ìyẹn iṣẹ́ kíkó òjé kúrò pátápátá. Òṣìṣẹ́ á ṣe kọ́ọ̀sì wákàtí 16, supervisor, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́, á ṣe 32. Iléeṣẹ́ yín náà á gba ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyẹn ò le.

Ti supervisor ló ń gba omijé lójú èèyàn. Lẹ́yìn kọ́ọ̀sì, ìdánwò mìíràn wà tí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ lè ṣe é, oṣù 6 sì ni wọ́n fún yín láti yege kí ẹ sì gba ìwé. Bí oṣù 6 náà bá kọjá tí ẹ ò tíì gba ìwé, ẹ ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá: ọdún 1 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ abatement tó níwèé, tàbí ọdún 2 nínú iṣẹ́ tó jọ ọ́, bíi kíkó asbestos (èròjà ilé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu) kúrò tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Ọ̀gá mi àtijọ́ kọ lẹ́tà fún mi. EPA dá a padà: kò kọ oṣù tí mo bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí mo kúrò. Nígbà tí mo fi máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti rìnrìn àjò. Ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì EPA ní kí n fi W-2 ránṣẹ́, ìwé owó oṣù àti owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Mo fi ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ní W-2 ò sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ fún mi, wọn ò kọ ọ́. Oṣù 6 pé. Mo tún sanwó, mo padà jókòó sí kíláàsì kan náà, wọ́n tún ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ tí wọ́n á sì fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ilé ẹ̀kọ́ tó gba owó mi nígbà àkọ́kọ́ ò fẹnu ba ọ̀rọ̀ oṣù 6 yẹn rárá! Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba lẹ́tà yín, kó ní déètì, kó ní irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe.

Onílé lè ní kí ẹ fi iná jó ọ̀dà náà kó lè yá. Ẹ má gbà, òfin kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń ha ògiri tí kò ní HEPA, asẹ́ tó ń gba eruku kíkúnná, èèwọ̀ lòun náà. Ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti bọ́ aṣọ àti bàtà yín o. Eruku òjé ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́, ẹ má gbé e lọ bá àwọn ọmọ nílé.

Ní ti Brooklyn yẹn, ẹ ní kí onílé pe iléeṣẹ́ tó ní ìwé abatement. Bí ẹ bá ṣe kọ́ọ̀sì wákàtí 16 tí ẹ sì gba ìwé òṣìṣẹ́, ẹ wọlé tọ̀ wọ́n. Ọdún 1 tí ẹ bá fi bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n á kà á fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ di supervisor.