Èsì: Ṣé wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ mi nítorí àìsàn ọpọlọ?

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní bàbá àwọn ọmọ yín ń lérí pé kóòtù máa kó wọn fóun torí pé wọ́n ti dá yín dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ rí. Ẹ má jẹ́ kó fi ìyẹn já yín láyà. Ìgbéyàwó kóòtù lẹ ṣe. Abala 71 òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó (Matrimonial Causes Act) ọdún 1970 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú. Kò sọ níbì kankan pé ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ ò lè tọ́mọ. Ta ló ń sìn wọ́n lọ sílé ìwé? Ta ló máa dúró tì wọ́n bí ara bá tún ṣe yín bákan? Ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin rí irú ẹ̀. Káàdì ọsibítù rẹ̀ tó ti gbó létí ló gbé síwájú adájọ́, kò fo ọjọ́ dókítà kankan. Ìyá wa sì jẹ́rìí pé ilé kan náà làwọn jọ ń gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ wà dòní. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín. Tówó lọ́yà bá wọ́n, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ẹni tí ò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹjọ́ dá oògùn dúró o.