Mo ta ìbọn àkọ́kọ́ tí mo ní, ṣé owó ẹ̀ mọ́?

ÌBÉÈRÈ: Salaam alaykum Alfa. Houston ni mò ń gbé. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé epo mo ra ìbọn ìléwọ́ kan, àkọ́kọ́ tí mo ní nìyẹn, wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tà á fún mi. Nígbà tọ́mọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìyàwó mi ò fẹ́ ẹ nílé mọ́, mo bá tà á fún ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Kò ná an rárá, ó kàn ka owó fún mi. Látìgbà yẹn ọkàn mi ò balẹ̀, tó bá lọ fi pa èèyàn ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam àbúrò mi. Rírà tó o rà á ò mú wàhálà dání, Ànọ́bì (S.A.W) fúnra wọn wọ ẹ̀wù irin méjì léra lọ́jọ́ ogun Uhud, ta ló wá gbára lé Ọlọ́hun tó wọn?

Títà ẹ̀ ló gba àlàyé. Ohun ìjà ṣeé tà o. Abu Qatadah, sàhábà ni, wọ́n fún un ní ẹ̀wù irin kan lọ́dún ogun Hunayn, ó tà á, ó fowó ẹ̀ ra ọgbà kan ní àdúgbò àwọn Banu Salimah, ó ní ọgbà yẹn ni dúkìá àkọ́kọ́ tóun ní nínú Islam. Inú Sahihul Bukhari, ìwé hadiisi, ló wà, orí tí Bukhari sì kó o sí ni orí títa ohun ìjà nígbà fitina, ìyẹn ìgbà rògbòdìyàn, àti nígbà tí kò sí fitina, ibẹ̀ náà ló ti sọ pé Imran ọmọ Husayn, sàhábà lòun náà, kórìíra kí wọ́n máa tà á nígbà fitina. Ṣó o rí i, ìgbà tó o tà á àtẹni tó o tà á fún ló ń yí ìdájọ́ padà, torí Ọlọ́hun ti sọ ní Suuratul Maa'idah aaya 2 pé ká má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀.

Kí lo wá mọ̀ nípa ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ tó ń kawó fún ẹ? Pé kò ná an kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ọjà ná. Àmọ́ tó o bá ti gbọ́ tó ń lérí sí ìyàwó ẹ̀ níbi iṣẹ́, tó o wá dijú tà á, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, ṣe tawba, ronú pìwà dà, fowó yẹn ṣe sàárà, kó o sì wá gbogbo ọ̀nà láti rà á padà. Tí o ò bá gbọ́ nǹkankan, tí o ò rí nǹkankan, halali lowó ẹ, fi ra nǹkan fọ́mọ ẹ jare, ohun tó bá fi ṣe lẹ́yìn ìyẹn ọrùn ẹ̀ ló wà.

Òfin ò ní kí èèyàn méjì tó jọ ń gbé Texas yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó ta ìbọn fúnra wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ì bá fẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì kí wọ́n yẹ ọkùnrin yẹn wò. Ṣé o yọ ọta inú ẹ̀ kó o tó gbé e fún un? Ànọ́bì (S.A.W) kọ̀ kéèyàn na idà tó ti jáde nínú àkọ̀ sẹ́nìkejì. Tẹ́ ẹ bá ṣì jọ ń ríra níbi iṣẹ́, bi í bóyá ọmọdé wà nílé ẹ̀, kó lọ ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ìwọ náà sì kó èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ọta kúrò níbi tọ́wọ́ ọmọ ẹ lè tó. Wallaahu a'lam.